Bí mo ṣe ń kọ́ prelude àti fugue Bach: ohùn mẹ́ta nínú ọwọ́ méjì

Ìsọ̀ ìyá mi ní Ìtòkú ni mo ti mọ ohun tí fugue jẹ́, kí n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Obìnrin mẹ́ta ló máa ń jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án, ìyá mi àti ìyàwó ilé méjì, wọn á máa ká àdìrẹ, wọn á máa sọ̀rọ̀. Ọ̀kan á dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bóyá lórí ẹlú tó tún ti gbówó lórí. Èkejì á gba ọ̀rọ̀ náà, á tún un sọ ní ohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ kò ní torí ẹ̀ dákẹ́, á ṣì máa bá tirẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀kẹta náà á fi gbé ọ̀rọ̀ kan náà wọlé. Oníbàárà tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé ìjà ni. Èmi tí mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń gbọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì lè sọ ẹni tó sọ kí ni àti ìgbà tó sọ ọ́.

Irú etí yẹn ni fugue, orin tí ohùn bíi mélòó kan ti ń gba gbólóhùn kan náà lẹ́nu ara wọn, ń bèèrè lọ́wọ́ wa. Ìka á kọ́ ohun tí etí bá ti gbọ́. Ẹni tó bá fi ìka ṣíwájú etí, ariwo ló máa tẹ̀.

Ẹ̀yin tí mò ń kọ èyí fún ni ẹ̀yin tí ẹ ti ń tẹ orin ìsìn lórí kíbọ́ọ̀dù, tí sólfà yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, tí ẹ sì ti ń ka sítááfù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù Bach ń bà. Mo ti ń kọrin álítò láti ọmọ ọdún 12, ó sì di ọdún 27 báyìí tí mo ti ń tẹ dùùrù fún ìsìn. Ọmọ mẹ́rin ló ń wá sí pálọ̀ mi ní Aké ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Orin kan ni mo fi ń ṣí gbogbo wọn lójú: prelude (orin tó ń ṣíwájú fugue) àti fugue ní C minor, èkejì nínú ìwé kìíní tí Johann Sebastian Bach pè ní Das wohltemperirte Clavier.

1722 ni ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà, nígbà tí Bach ń ṣiṣẹ́ ní ààfin ọmọba kan ní Köthen, ní Jámánì. Prelude 24 àti fugue 24 ló wà níbẹ̀, major 12, minor 12, kò fo kíì kankan. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó tún kó 24 mìíràn jọ sí ìwé kejì. Ojú ewé àkọ́kọ́ ti ìwé kìíní ló ti sọ pé òun ṣe é kó wúlò fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ẹ̀kọ́ orin, àti fún ìgbádùn àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ̀. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn púpọ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tèmi ti ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀bẹ̀ mi àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sísàlẹ̀. Mo mọ bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ wa, C nìkan la mọ̀, bí ẹni tó ń lé orin bá sì gbé e ga, a ó tẹ bọ́tìnnì, ọwọ́ wa kò ní kúrò níbi tó wà. Bach kọ ìwé yìí kí ọwọ́ lè wọ gbogbo ilé tó wà lórí dùùrù. Fúláàtì mẹ́ta ni C minor ní, B, E àti A. Ẹ jẹ́ kí ìka yín mọ̀ wọ́n bí ẹsẹ̀ ṣe mọ àtẹ̀gùn ilé ẹni nínú òkùnkùn.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Ẹ má rò pé àfi kí ẹ ní piano ńlá. Gbogbo ìwé kìíní kò kọjá ọ́kítéèfù mẹ́rin, kíbọ́ọ̀dù tó ní kíì 61 sì ní márùn-ún, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Bí kíbọ́ọ̀dù yín kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtẹ̀ líle àti ìtẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má bánújẹ́. Harpsichord, tó jẹ́ ọ̀kan nínú dùùrù ìgbà náà, kò mọ ọ́n pẹ̀lú. Ṣóńṣó kékeré kan ló ń já okùn rẹ̀, bí ẹ tẹ̀ ẹ́ líle, bí ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ohùn kan náà ló máa mú jáde. Mo tilẹ̀ máa ń ní kí àwọn ọmọ yí ohùn kíbọ́ọ̀dù sí harpsichord lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí pé kì í bo àṣírí. Ìka tó bá pẹ́ jù lórí nóòtù, tàbí tó tètè gbéra, ẹ ó gbọ́ ọ kedere. Ẹsẹ̀ dùùrù tó ń fa ohùn gùn, ẹ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ tábìlì títí ẹ ó fi mọ orin náà tán.

Ẹ lè rí ìwé orin náà gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní IMSLP. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, Kútọ̀ ni èmi máa ń lọ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá, ojú kan ṣoṣo, kí àyè lè wà láti kọ nǹkan sí. Ẹ ṣọ́ ẹ̀dà tí ẹ ń mú. Bach fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ àmì líle tàbí rírọ̀ kankan sínú ìwé yìí. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló ń kọ èrò ọkàn wọn sí i, Carl Czerny jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, lẹ́yìn tí Bach ti kú tipẹ́. Èrò wọn kò burú, àmọ́ èrò wọn ni. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Urtext sí lára, ìyẹn èyí tó dúró lórí ohun tí Bach fúnra rẹ̀ kọ. Ẹ tún ra pẹ́ńsùlù aláwọ̀ mẹ́ta, pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé. A máa lò wọ́n láìpẹ́.

Prelude

Prelude náà ní báà 38. Ọwọ́ méjèèjì jọ ń sáré ni láti ìbẹ̀rẹ̀, nóòtù 16 fún ọwọ́ kan nínú báà kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ìwé náà á rí i tó dúdú kirikiri. Ẹ wò ó bí aládìrẹ ṣe ń wo aṣọ. Aṣọ tí iṣẹ́ ara rẹ̀ kún dénú, bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí i pé onígun mẹ́rin kékeré kan ni wọ́n ń tún ṣe, tí wọ́n ń yí ohun kékeré padà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí níbí. Ìdajì báà kìíní ní nóòtù 8, ìdajì kejì sì tún wọn sọ láìyí ọ̀kan padà. Báyìí ló ń lọ títí dé báà 24. Ìdajì ohun tí ẹ rò pé ẹ fẹ́ kà ni ẹ ní láti kà.

Nítorí náà, ẹ má sáré tẹ nóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó nóòtù ìdajì báà pọ̀, ẹ tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà bí kọ́ọ̀dù orin ìsìn. Ní báà kìíní, ọwọ́ òsì á mú C, E fúláàtì àti G, ọwọ́ ọ̀tún á mú C, E fúláàtì àti C ti òkè. D àti F tó ń gba àárín wọn kọjá, àlejò ni wọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ẹ tẹ gbogbo báà 24 náà báyẹn, kọ́ọ̀dù kan fún báà kan, kí ẹ sì máa gbọ́ ibi tó ń lọ. Ẹ ó rí i pé nínú báà mẹ́rin àkọ́kọ́, básì kò kúrò lórí C. F minor á wá bá a ní báà kejì, kọ́ọ̀dù kan tó le, tó ń fẹ́ kí a tú òun sílẹ̀, á wá ní báà kẹta, nígbà tó bá di báà kẹrin a ti padà sílé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí básì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tó bá lè tẹ kọ́ọ̀dù wọ̀nyí pẹ̀lú ojú dídì, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìka rẹ̀ máa lò láti tú wọn palẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá ń sáré e, ẹ dẹ ọrùn ọwọ́. Bí apá bá ń dùn yín lẹ́yìn báà 10, agbára ni ẹ ń lò níbi tí kò ti nílò agbára. Ẹ dúró, ẹ ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kí ẹ tó padà.

Ní báà 28, Bach kọ Presto (kí a yára gan-an), ọwọ́ kan á sì máa lé èkejì. Ní báà 34 ó kọ Adagio (kí a rọra), ní 35 ó kọ Allegro (kí a yára). Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ìyára wọ̀nyí, kì í sì í sábà kọ irú wọn nínú ìwé yìí, nítorí náà ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn. Báà Adagio kan ṣoṣo yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ, tí kò sí ẹni tó ń lù ú ní ìlù. Èmi kì í ka iye níbẹ̀. Mo máa ń mí.

Fugue: ẹ kọrin kí ẹ tó tẹ̀

Báà 31 ni fugue yìí, ohùn mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má tan kíbọ́ọ̀dù rárá. Ẹnu ni ẹ ó lò, nítorí ibẹ̀ ni àwa tí a ti inú ẹgbẹ́ akọrin wá ti ní ẹ̀bùn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ piano kò ní. Ẹ mú sólfà yín jáde. Ẹ jẹ́ kí C jẹ́ l. Gbólóhùn tí fugue náà dá lé, èyí tí mò ń pè ní ọ̀rọ̀, nìyí:

l se l m f, l se l t m, l se l t r m f m r d

Nóòtù 20 péré. Ìdákẹ́ kékeré kan ló ṣíwájú rẹ̀, ẹ mí síbẹ̀, kí ẹ tó wọlé. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń tún «l se l» sọ nígbà mẹ́ta, bí ẹni tó ń pe ènìyàn ní orúkọ kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ fún un. Ní ìgbà kẹta ni ọ̀rọ̀ náà tó jáde tán, tó gòkè dé f, tó sì jókòó sórí d. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń gún ata, ẹ kọ ọ́ nínú ọkọ̀ láti Pánṣẹ́kẹ́. Títí ẹ ó fi lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìronú.

Álítò ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú títí di òní, nítorí pé nínú orin ìsìn, álítò kì í sábà rí ẹnu ọ̀nà kọ́kọ́ wọlé. Ní báà 3, tírébù dá a lóhùn láti orí G. Mo ń pe èyí ní èsì:

m re m l d, m re m fe t, m re m fe l t d t l s

Ẹ fi méjèèjì wéra. Bí Bach bá kàn gbé ọ̀rọ̀ náà sórí G láìyí ohunkóhun padà, nóòtù kẹrin ì bá jẹ́ t, ìyẹn D. Ó fi l sí i, ìyẹn C. Nóòtù kan ṣoṣo ló yí padà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà fò láti C, tó jẹ́ ilé, lọ sórí G, tó jẹ́ ìta. Èsì ní láti fò láti ìta padà wá sílé, kí orin má bàa ṣìnà kó tó rìn jìnnà. Nítorí ìyẹn, ìfò inú èsì gbòòrò ju ti ọ̀rọ̀ lọ ní ìgbésẹ̀ kan. Ẹ kọ ọ́ lọ́nà méjèèjì, kí ẹ fi t sí i, kí ẹ tún fi l sí i, ara yín á sọ fún yín pé l ló mú wa padà.

Ọ̀rọ̀ nóòtù kan yìí máa ń mú mi rántí nǹkan. Àwa tí a ń sọ Yorùbá mọ ohun tí nóòtù kan lè dá sílẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí orin Gẹ̀ẹ́sì fún wa ní orin tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ sísàlẹ̀, títí a fi ń kọ ohun tí kò sí nínú ìwé. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta níbí wà lára àwọn tó wá ń ṣe orin tó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ wa. Ní 1922 wọ́n gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ti dàgbà sínú orin báyẹn ti ní etí fún èsì Bach. Kì í ṣe ohun àjèjì sí i pé kí a yí nóòtù kan kí ìtumọ̀ lè dúró.

Pẹ́ńsùlù mẹ́ta

Ẹ wá fi pupa kun tírébù, ẹ fi búlúù kun álítò, ẹ fi àwọ̀ ewé kun básì, láti báà 1 dé 31. Ẹ má fo nóòtù kan. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, kò sì sí èyí tó níye lórí tó o. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bírò sàmì sí gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ẹ ó rí i. Álítò ní báà 1, tírébù ní 3, básì ní 7. Ní báà 11, tírébù gbé e lọ sí E fúláàtì major, ó wá di «d t d s l», ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ní báà 15, álítò gbé e lọ sí G minor. Ní báà 20, tírébù mú un padà sílé. Básì gbà á ní àárín báà 26, ibi tó ti tẹ̀wọ̀n jù nìyẹn. Tírébù ló sọ ọ́ kẹ́yìn, láti àárín báà 29.

Àwọn àyè tó wà láàárín, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, kì í ṣe àyè òfìfo. Ẹ wo báà 9 àti 10: tírébù àti álítò ń ju orí ọ̀rọ̀ náà, «l se l» yẹn nìkan, síra wọn, básì sì ń sáré sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ wọn. Báyẹn ni wọ́n ṣe rìn dé E fúláàtì. Ẹ mọ ìwà àyè kọ̀ọ̀kan, nítorí níbẹ̀ ni ènìyàn ti máa ń sọnù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í dá rìn. Nígbà tí èsì wọlé ní báà 3, álítò kò di ègbè. Nínú orin wa, ẹnì kan á lé, àwọn yòókù á gbè é, ẹni tó lé á sì rí àyè mí. Kò sí ègbè níbí. Álítò bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mìíràn, ó sáré sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ lórí Olúmọ, lẹ́yìn náà ó ń fi ẹsẹ̀ tó rọra rìn. Mò ń pe èyí ní alábàárìn kìíní, nítorí gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá lọ ni ó ń bá a lọ. Ní báà 7, nígbà tí básì sọ ọ̀rọ̀ náà, tírébù gba alábàárìn kìíní, álítò sì mú alábàárìn kejì wá. Gbólóhùn mẹ́ta yìí, èyíkéyìí lè wà lókè, èyíkéyìí lè wà nísàlẹ̀, wọn kì í jà. Ẹ ronú sí i dáadáa kí ẹ tó kọjá níbẹ̀. Mo ti ń tẹ orin yìí láti ìgbà èwe mi, báà 7 ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Báyìí ẹ lè tan kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí, ẹ má yọ ìgbésẹ̀ kankan kúrò. Ẹ tẹ ohùn kọ̀ọ̀kan lóun nìkan, pẹ̀lú ìka tí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn. Èyí ló ń ṣòro fún álítò, nítorí pé òun kò ní ọwọ́ tirẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé e níbi púpọ̀, ọwọ́ òsì á gbà á níbi tí tírébù bá ti lọ jìnnà. Ẹ kọ ọ́ sára ìwé ibi tí ó ti ń pààrọ̀ ọwọ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń gbọ́ má mọ̀ pé ó pààrọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ méjì méjì: tírébù àti álítò, álítò àti básì, tírébù àti básì. Èyí tó kù, ẹ máa fi ẹnu kọ ọ́. Ẹ tẹ tírébù àti básì kí ẹ máa kọ álítò, ìyẹn ló le jù, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ má fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ títí ẹ ó fi ṣe èyí fún báà mẹ́rin mẹ́rin láìdúró. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọmọkùnrin kan nínú àwọn tèmi dúró lójijì ní báà 17 ní Sátidé kan. «Màmá, álítò ti sọnù.» Mo ní kó wá a. Ó wo ìwé, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láti báà 15, jẹ́jẹ́, títí ó fi dé ibẹ̀. «Ó wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi.» Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn ju bí ì bá ṣe dùn ká ní ó tẹ gbogbo rẹ̀ láìṣìnà.

Iná ọba á lọ, kò sí àní-àní. Ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró. Nígbà tí mi ò tíì ní ẹ̀rọ tó ń fi iná pamọ́, kíbọ́ọ̀dù mi á kú láàárín orin, màá gbé ọwọ́ sórí tábìlì oúnjẹ, màá máa tẹ igi, màá máa kọ ohùn kan jáde, èkejì á máa lọ nínú orí mi. Inú òkùnkùn báyẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín. Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà tí wọ́n pè mí wá tẹ fugue yìí níbi ìyàsímímọ́ dùùrù tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mo ti kọ́ ọ sórí, tàbí kí n sọ pé ìka mi ti kọ́ ọ sórí. Mo dé báà 20, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti padà wá ní C minor bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Ìka mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Mo bá ara mi ní báà 3. Mo tún rìn dé 20, wọ́n tún gba ibẹ̀. Ní ìgbà kẹta mo gbé ọwọ́ kúrò, mo sì tẹ Àmín. Ó dùn mí fún ìgbà pípẹ́, nítorí mo ti fi oṣù mẹ́rin ṣe iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ló jẹ́, etí àti ọpọlọ kò bá a dé ibẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń kọ́ ọ sórí ti yàtọ̀. Ìwọlé mẹ́jọ tí ẹ fi bírò sàmì sí, ilẹ̀kùn mẹ́jọ ni wọ́n. Ẹ gbọ́dọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn èyíkéyìí. Tí àwọn ọmọ bá dé, kí wọ́n tó jókòó dáadáa, màá pe «15!» tàbí «26!», ẹni tí mo bá na ìka sí á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ ohùn tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà, kíì tó wà, àti ibi tó ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún máa ń ní kí wọ́n kọ́ ọ láti ẹ̀yìn wá síwájú: ìwọlé kẹjọ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìkeje dé òpin, lẹ́yìn náà ìkẹfà. Báyẹn, bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ibi tí ẹ mọ̀ jù ni ẹ ń lọ bá.

Ní ti bí a ṣe ń fọwọ́ kàn án, Bach kò kọ nǹkan kan, ọwọ́ yín ló kù sí. Èmi máa ń so àwọn nóòtù tó ń sáré pọ̀, mo sì máa ń gé àwọn tó ń rìn kúrú díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ láìfà á nílẹ̀. «l se l» á lọ bí omi, «m f» á yà sọ́tọ̀. Ohun yòówù kí ẹ yàn, kí gbogbo ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ́ báyẹn nígbàkúgbà, kí a lè dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀ níbikíbi tó bá ti yọjú. Ẹ má máa fi agbára lu ọ̀rọ̀ náà kó lè hàn. Ó ti hàn. Ẹ rẹ àwọn yòókù sílẹ̀ díẹ̀, ìyẹn tó. Ìyára rẹ̀ kò ní ju èyí tí ẹ fi lè kọ ọ́ lẹ́nu lọ.

Ní òpin, básì dúró sórí C, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́, tírébù wá sọ ọ̀rọ̀ náà lé e lórí nígbà ìkẹyìn. Ẹ kò ní gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí ní ìbẹ̀rẹ̀, lórí d, E fúláàtì. Ní báà 31, fúláàtì yẹn ti kúrò. E lásán ni, «de», kọ́ọ̀dù sì di major. Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú àwọn ọmọ mi bi mí pé, «Màmá, ṣé wọ́n ṣì í kọ ni?» Mo ní kó tẹ E fúláàtì, kó jẹ́ kó dún títí, kó wá tẹ E. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ di kọ́ọ̀dù yẹn mú fún iye tó kọ gẹ́lẹ́, kí ẹ sì gbé gbogbo ìka kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.